Ọ̀rọ̀ Olórí Lẹ́yìn Ogun: Ohun Tí Gowon Sọ Lórí Rédíò àti Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀

Ẹ jókòó, ẹ ka ìwé yìí díẹ̀díẹ̀. Bí ibì kan bá le, ẹ tún un kà, tàbí kí ẹ ní kí ẹlòmíràn kà á sókè kí ẹ máa gbọ́.

Gbogbo wa la mọ agogo akéde. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti oko dé, akéde á lu agogo, á ní ọba kí gbogbo ìlú. Lẹ́yìn náà á sọ iṣẹ́ tí ọba rán an. Iṣẹ́ náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn àṣẹ ni: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun igbó títí di ọjọ́ báyìí. Nígbà mìíràn ìlérí ni: ọba ní òun yóò tún afárá odò ṣe kí òjò tó dé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtùnú ni: ìjà àárín agbo ilé méjì ti parí, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ àná bú ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Etí kan náà la fi ń gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣẹ bákan náà.

Rédíò ni agogo orílẹ̀-èdè. Nítorí náà a fẹ́ wo ọ̀rọ̀ olórí kan tó sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rédíò lẹ́yìn ogun. Orílẹ̀-èdè náà ni Nàìjíríà, aládùúgbò wa. Olórí náà ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Ogun náà ni ogun Biafra.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Gowon di olórí Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1966. Sójà ni, ẹni ọdún 31 péré. Ìlú kò fararọ. Àwọn sójà ti pa àwọn aṣáájú, wọ́n sì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò ní ilẹ̀ Hausa. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Gowon kéde pé Nàìjíríà di ìpínlẹ̀ 12. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gágun Ojukwu tó ń ṣe olórí ìhà ìlà-oòrùn kéde pé ilẹ̀ òun ti yà kúrò, orúkọ rẹ̀ sì ni Biafra. Ní oṣù keje, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ó jà fún ọdún méjì ààbọ̀. Ebi pa èèyàn ju ìbọn lọ, àwọn ọmọdé ni ó sì pa jù.

Ogun náà kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọdún 1969, ọkọ̀ òfuurufú ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ń gbéra láti Kútọnu ní òru, wọ́n ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Biafra. Dàhòmẹ̀ ni orúkọ ilẹ̀ wa nígbà náà. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni ìjọba kéde pé ó di Bẹ̀nẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ ìkéde olórí, ṣùgbọ́n a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, agbára Biafra tán. Ojukwu bọ́ sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó lọ sí Ivory Coast. Ẹni tó fi sípò rẹ̀, Philip Effiong, sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọjọ́ 12 oṣù náà pé kí ogun dúró. Ní ọjọ́ 15, Effiong àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó, wọ́n fọwọ́ sí i níwájú Gowon pé Biafra kò sí mọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Gowon bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀.

Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó borí ogun ni yóò sọ̀rọ̀. Àwọn tó pàdánù wà nínú igbó, ebi ń pa wọ́n, ìbẹ̀rù sì bò wọ́n. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti ń gbọ́ pé bí sójà ìjọba bá wọlé, wọn yóò pa gbogbo àwọn tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu olórí lè mú kí sójà máa pa èèyàn lọ, ó sì lè mú kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ní ọjọ́ náà, ọfà ti wà nínú apó, ó ti kún.

Gowon mú obì. Ó ní ìwà ipá ti dópin, ọjọ́ ìlàjà ti mọ́. Ó ní àwọn tí wọ́n tàn wọ inú ọ̀tẹ̀ ti rí ìdáríjì gbà. Ó ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìjọba, ẹ̀mí rẹ̀ kò ní í bọ́. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà ni pé nínú ogun yìí, kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò dùn tán o. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe apá ibi kankan ní Nàìjíríà ní Biafra mọ́. Ní àwọn ọjọ́ náà kan náà, ó ní òun kò gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ran Biafra lọ́wọ́: Faransé, Potogí, South Africa àti Rhodesia, àti àwọn ẹgbẹ́ kan tó ti ń kó oúnjẹ wọ ibẹ̀. A mọ ìdí tí inú fi bí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa kò mọ ẹni tó fi ìrẹsì ránṣẹ́. Ní tèmi, kò yẹ kí ìbínú wọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ìdáríjì náà ṣẹ? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ, ó sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ìpakúpa tí wọ́n ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. A kò pe àwọn tó ja fún Biafra lọ́pọ̀ yanturu sí ilé ẹjọ́ láti pa wọ́n. Gowon kò fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn sójà rẹ̀ lọ́lá nítorí ogun náà, nítorí pé ẹni tó bá arákùnrin rẹ̀ jà kò yẹ kó gba ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ Ígbò padà sí Èkó, wọ́n padà sí Kano àti Kaduna. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ilé wọn níbẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ bá owó ilé tí ayálégbé ti san láti ìgbà ogun, tí a bá wọn tọ́jú. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ sí Gabon àti Ivory Coast nítorí ebi padà wá sílé. Bí ẹ bá wo àwọn ogun mìíràn nínú ayé, ẹ ó rí i pé irú èyí kò wọ́pọ̀.

Ìjọba fún iṣẹ́ náà ní orúkọ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni: kí a parí ìjà, kí a dá èèyàn padà sí ipò rẹ̀, kí a tún ohun tó bàjẹ́ kọ́. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà R ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ń pè é ní R mẹ́ta. Orúkọ tó rọrùn láti rántí ni. Orúkọ tó dára kì í ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè iṣẹ́ náà.

Wàyí o, ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1968, nígbà tí ogun ń lọ, Nàìjíríà pààrọ̀ owó bébà rẹ̀ kí owó tó wà lọ́wọ́ Biafra lè di asán. Biafra náà tẹ owó tirẹ̀. Ọdún méjì ni àwọn ará ibẹ̀ fi ná owó yẹn, tí wọ́n fi í sí báńkì, tí wọ́n gbà á níbẹ̀. Nígbà tí ogun parí, owó Biafra di bébà lásán. Ìjọba Nàìjíríà wá ṣe òfin. Ẹni tó bá ti fi owó sínú àpò báńkì rẹ̀ tàbí tó gbà nínú rẹ̀ nígbà ogun, iye yòówù kó ní níbẹ̀, ogún pọ́n-ùn ni wọn yóò san fún un. Àwọn tó kó owó Biafra tó wà lọ́wọ́ wọn wá fún pípààrọ̀ náà, ogún pọ́n-ùn ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ẹ mú gègé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní obìnrin kan ń ta aṣọ ní Ọnitsha, ó sì ní 50 pọ́n-ùn ní báńkì. Ó gba 20. 50 yọ 20 kúrò, ó ku 30. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ló sọnù. Ká ní ọkùnrin kan ní ọkọ̀ ẹrù méjì kí ogun tó dé, tó tà wọ́n, tó sì ní 1,000 pọ́n-ùn ní báńkì. Òun náà gba 20. 1,000 yọ 20 kúrò, ó ku 980. Ẹni tó ní púpọ̀ àti ẹni tó ní díẹ̀ jáde ní báńkì pẹ̀lú owó kan náà. Ogún pọ́n-ùn ni wọ́n máa fi kọ́ ilé, ni wọ́n máa fi ra irúgbìn, ni wọ́n máa fi san owó ilé ìwé.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó nígbà náà. Àwọn tó gbe òfin náà lẹ́yìn ní kò sí ọ̀nà tí a fi lè mọ iye tí owó Biafra tó. Àwọn ọmọ Ígbò kò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn wọ́n títí di òní. Nígbà tó tún di ọdún 1972, ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà. Òfin rere ni fún ẹni tó lówó lọ́wọ́. Kí ni ẹni tó gba ogún pọ́n-ùn ní ọdún méjì ṣáájú máa fi rà?

Ọ̀rọ̀ ilé tún wà níbẹ̀. Ní Port Harcourt, àwọn ọmọ Ígbò tó sá kúrò nígbà ogun kò rí ilé wọn gbà bí wọ́n ti rí i gbà ní Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers pè é ní ohun ìní tí a pa tì. Ẹ gbọ́ bí orúkọ ṣe lè ba nǹkan jẹ́! Ẹni tó sá fún ìbọn, ṣé ó pa ilé rẹ̀ tì ni?

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí nìyí. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì wà lórí rédíò, gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ogún pọ́n-ùn wà nínú ìwé òfin àti lórí káńtà báńkì. Olórí kò purọ́ nígbà tó ní kò sí aṣẹ́gun. A kò pa àwọn tó padà wálé ní ìpakúpa. Ṣùgbọ́n akọ̀wé báńkì kì í fi ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lórí rédíò sanwó. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ló ń fi sanwó. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí kò sì ka èkejì, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ìkéde mìíràn, èyí tó jẹ́ àṣẹ. Àwọn tó ń ná ọjà Kraké, Ìdírókò àti Mẹ̀kọ, tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀, lè rántí rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ọkọ̀ ní Nàìjíríà ń gba apá òsì ọ̀nà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi kọ́ wọn. Tiwa ń gba apá ọ̀tún, bí Faransé. Bí awakọ̀ bá dé ẹnubodè, ó ní láti yí apá padà lójú kan náà. Bó bá gbàgbé, ó di ìjàǹbá. Ìjọba Gowon kéde pé láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà yóò máa gba apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà, ọdún Àjíǹde ni pẹ̀lú. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú kó tó dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Nàìjíríà gba apá ọ̀tún, kò sì yí padà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ghana náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1974.

Kí ló jẹ́ kí èyí ṣẹ tó bẹ́ẹ̀? Ó ní ọjọ́. Ó kan gbogbo èèyàn lọ́gbọọgba, olówó àti tálákà. Ẹni tí kò bá sì ṣe é, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n kí ọlọ́pàá tó dé.

Ìkéde kejì ni ti owó, òun náà sì kàn wá gan-an. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀, ó mú náírà àti kọ́bọ̀. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, tọ́rọ̀ di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀. Títí ibẹ̀, ó rọrùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó lè tan èèyàn jẹ. Kọ́bọ̀ kì í ṣe orúkọ tuntun létí wa. Láti ìgbà pípẹ́ ni Yorùbá ti ń pe péńnì àtijọ́ ní kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ àtijọ́ 12 ló wà nínú ṣílè kan. Nítorí náà kọ́bọ̀ àtijọ́ 120 ló wà nínú ṣílè mẹ́wàá. Kọ́bọ̀ tuntun 100 ló wà nínú náírà kan, náírà kan sì jẹ́ ṣílè mẹ́wàá. Ẹ ti rí i báyìí: kọ́bọ̀ tuntun tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Orúkọ kan náà, owó ọ̀tọ̀. Bí obìnrin kan bá ń ra ẹ̀kọ ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ní oṣù kejìlá ọdún 1972, tó sì tún rà á ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ní oṣù kìíní ọdún 1973, owó ẹ̀kọ ti lé sí i, ó sì lè má mọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ 100 ti san owó tó yẹ kó fi jẹ 120. Ìdí rèé tí a fi ń kọ́ ìṣirò pẹ̀lú ìwé kíkà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kùn pé ìṣirò le.

Ó ku ìlérí. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti bá Gowon fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1970, Nàìjíríà pé ọdún mẹ́wàá tó ti gba òmìnira. Gowon sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ológun yóò padà sí bárékè ní ọdún 1976, àwọn tí ará ìlú bá dìbò yàn yóò sì gba ìjọba. Kí ọdún náà tó dé, ó ní iṣẹ́ mẹ́sàn-án wà tí ìjọba òun gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ ò ní í fẹ́ kí n ka gbogbo rẹ̀. Lára wọn ni pé kí wọ́n tún ẹgbẹ́ ológun tò, kí wọ́n tún ohun tí ogun bàjẹ́ ṣe, kí wọ́n lé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kúrò, kí wọ́n ka iye èèyàn, kí wọ́n kọ òfin orílẹ̀-èdè tuntun, kí wọ́n sì dìbò. Àwọn kan ní ọdún mẹ́fà ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọdún ti wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ: 1976.

Ẹ wo bí àwọn iṣẹ́ náà ṣe rí. Epo rọ̀bì mú owó púpọ̀ wọlé, ní pàtàkì láti ìparí ọdún 1973. Wọ́n tún ọ̀nà àti afárá kọ́. Ní 1973, wọ́n dá ètò sílẹ̀ pé kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì lọ sìn fún ọdún kan ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, kí ọmọ Hausa lè mọ Yorùbá, kí ọmọ Yorùbá lè mọ Ígbò. Ètò rere ni, ó sì tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní ìparí 1973 dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n kéde ní 1974 pé èèyàn Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 80. Ọ̀pọ̀ ní irọ́ ni, Awólọ́wọ̀ wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò tán nílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn gómìnà ológun sì ti wà lórí àga láti 1967, ará ìlú ti sú wọn, àwọn náà ti sú ará ìlú.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1974, ọjọ́ kan náà, oṣù kan náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Gowon tún sọ̀rọ̀. Ó ní ọdún 1976 kò ní í ṣeé ṣe mọ́. Ó ní àwọn olóṣèlú kò tíì kọ́gbọ́n, bí ìjọba bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìlú yóò tún dàrú. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ mìíràn. Ó mú ọjọ́ kan kúrò, kò sì fi òmíràn dípò.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yá owó ara yín mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí ẹni tó jẹ yín ní gbèsè bá wá bẹ̀ yín pé òun kò rí owó san ní ọjọ́ ọjà yìí, pé ó di ọjọ́ ọjà kẹta, ẹ lè bínú díẹ̀, ẹ ó gbà. Bó bá ní òun kò rí i san, tí kò sì sọ ìgbà tí òun yóò san, irú ojú wo lẹ ó fi wò ó?

Ojú náà ni wọ́n fi wo Gowon. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá sọ̀rọ̀, èèyàn ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á gbọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ gidigidi, ọjà sì gbówó lórí, ìyanṣẹ́lódì pọ̀. Ní oṣù keje ọdún 1975, Gowon lọ sí ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Kampala, ní ilẹ̀ Uganda. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, rédíò kan náà tó fi ń kéde ló kéde pé kì í ṣe olórí mọ́. Joseph Garba, sójà tó ń ṣe olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ló ka ìkéde náà. Gowon kò bá wọn jà. Ó sọ fún àwọn oníròyìn ní Kampala pé òun gba ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ yunifásítì Warwick láti kàwé. Ẹni tó ti jẹ olórí fún ọdún mẹ́sàn-án mú ìwé, ó di akẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má tún sọ fún wa pé òun ti dàgbà jù fún ìwé.

Murtala Mohammed ló rọ́pò rẹ̀. Ó fagi lé ìkànìyàn ọdún 1973. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1975, ó dá ọjọ́: ó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni àwọn ológun yóò lọ, ó sì sọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kú, ṣùgbọ́n wọn kò yí ọjọ́ náà padà. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló tẹ̀ lé e, nígbà tí ọjọ́ náà sì pé ní 1979, ó gbé ìjọba fún Shehu Shagari tí ará ìlú dìbò yàn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìkéde ìjọba lórí rédíò, yálà ti ìlú wa tàbí ti ibòmíràn, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́. Bó bá dá ọjọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà. Bí kò bá dá ọjọ́, ẹ kọ ọ́ pé kò dá ọjọ́. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba ní ìlú yín pé: ìwé rẹ̀ dà? Mo mọ abúlé kan tí wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lára ògiri ilé ìpàdé wọn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tí aláṣẹ kan bá dé, òun ni ó kọ́kọ́ ń kà á.

Ọ̀rọ̀ Gowon kan ṣì kù, òun ló sì kan ẹsẹ̀ àti ẹrù wa jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, òun àti Eyadéma, olórí Tógò, jọ sọ pé àwọn fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà da ọrọ̀ ajé wọn pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde ṣáájú, tó sì parí sí orí tábìlì oúnjẹ. Èyí kò parí síbẹ̀. Wọ́n rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tún un kọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, oṣù méjì péré kí ìjọba Gowon tó ṣubú, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé náà ní Èkó. Dàhòmẹ̀ àti Tógò wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ni ìwé Faransé ń pè ní CEDEAO. Ní ọdún 1979, wọ́n tún fọwọ́ sí ìwé mìíràn ní Dakar. Ó wà nínú rẹ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ ilẹ̀ èkejì, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí ẹ bá dé Kraké tàbí Hilakɔnji, tí ẹnìkan tó wọ aṣọ ìjọba bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó kọjá, ẹ rántí pé 90 ọjọ́ náà wà nínú ìwé, orílẹ̀-èdè yín sì fọwọ́ sí i.